Ẹnu Mi Tí Wọ́n Ń Retí ní Àrámọ̀kọ́

Ǹjẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ bí ó ti ń rí kí a fi ènìyàn jẹ àgbà ilé, kí gbogbo ilé máa wo ẹnu rẹ̀, kí ara rẹ̀ má sì sí nínú ilé náà? Àwọn tí ó bí wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí àgbà tí kò sí lọ́jà yóò ṣe, àgbà tí òkun wà láàárín òun àti ọjà, tí wọ́n sì ń pè é lórí fóònù pé báwo ni kí àwọn ti gbé orí ọmọ náà.

Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí mi sí, lórí òkè, níbi tí kùrukùru kì í tètè ká ní òwúrọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, ní Ẹ̀fọ̀n, ní Èrìò àti ní Àrámọ̀kọ́, títí ìjọba fi ní kí n lọ sinmi. Ọkọ mi ti ṣáájú. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ: ọkùnrin kan tí ó ti ń gbé ìlú òyìnbó, àti obìnrin kan, Fọlákẹ́, àbíkẹ́yìn mi. Nígbà tí ìyàwó ọkùnrin lóyún, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá wọn gbọ́mọ. Mo lọ. Èrò mi ni pé bí ọmọ náà bá ti dìde rìn, n óò padà sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ kan di méjì, ìyá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, ilé tí mo wá kí sì di ilé tí mò ń gbé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ẹni tí ó dàgbà ní Ẹ̀fọ̀n ti bá òtútù jẹun nínú abọ́ kan náà. Ìdákẹ́ ni. Ilé tò lọ lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀kùn rẹ̀ dì gbọn-in, ènìyàn wà nínú rẹ̀, o kò sì ní gbọ́ ikọ́ ẹnìkan. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá jáde, mo pàdé bàbá kan tí ó ń fa ajá lọ. Mo tẹríba, mo kí i. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí mò ń kí. Mo rìn wálé, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà mi lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò mọ̀ pé ìkíni lè ṣubú sílẹ̀ bí owó tí kò ní olówó.

Ìyàlẹ́nu kejì ni ti ọjọ́ tí mo bá ìyàwó ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn àwọn aláboyún. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan wọlé, ọmọdébìnrin tí àbíkẹ́yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà jù. Ó kí mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi, lẹ́yìn náà ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó bi ìyàwó wa léèrè pé báwo ni òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ bí ọmọ náà. Mo wo ọmọ mi ọkùnrin, òun náà ń wo ilẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ta ní í bi aboyún ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Àwọn tí wọ́n ti la ọ̀nà náà kọjá ní í mú un lọ́wọ́. Nígbà tí a jáde, mo ní fún ọmọ mi pé àwọn ènìyàn yìí ti fi ìtọ́jú sílẹ̀, ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣe oògùn.

Ó ní, "Màámi, ẹ máa bínú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà ṣì jìn."

N kò lè jókòó kí ọmọ máa bọ́ mi bí ẹyẹ inú àgò. Mo rí iṣẹ́ ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì fi mí sí yàrá ìfọṣọ. Wọn kì í jẹ́ kí a mú fóònù wọ ibẹ̀. Inú àpótí onírin kan lẹ́nu ọ̀nà ni gbogbo wa ń tì í mọ́. Ẹ̀rọ ní í fọ̀, ẹ̀rọ ní í gbẹ, kíká ni tèmi. Aṣọ ibùsùn wọn gbòòrò, kíká rẹ̀ gba ènìyàn méjì, èmi nìkan ni mo sì wà níbẹ̀. Mo wá dá ọgbọ́n kan: n óò fi ilẹ̀kùn há igun kan, n óò di igun kejì mú, n óò máa rìn lọ bá ilẹ̀kùn. Nílé, Fọlákẹ́ ní í di igun kejì mú fún mi. Bí a bá ti ká aṣọ títí tí ọwọ́ wa fi pàdé, á fa aṣọ náà gbà lójijì, á sá wọlé, èmi á sì máa bú u láti ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn kì í fa aṣọ gbà lọ́wọ́ ẹni.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ni ìbànújẹ́. Ọmọ mi ra odó kékeré kan fún mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gún iyán nínú ilé, ará ìsàlẹ̀ wa gòkè wá kan ilẹ̀kùn, ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè bóyá ògiri ni a ń wó. Mo gbé odó lọ sẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ kúbùsù àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo gún iyán mi débi tí kò ku kókó kan. Ará ìsàlẹ̀ yìí yọ orí lójú fèrèsé, ó wò mí títí, ó wá gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè sí mi. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí "Ẹ kú iṣẹ́." Iyán ọjọ́ náà dùn bí ti ilé.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń bi mí pé níbo ni ilé mi. Èmi á ní, "Ulé mi wà l'Ẹ́fọ̀n." Wọ́n á ní kí ni ulé. Mo sọ fún wọn pé ulé ni ibi tí wọ́n ti máa wá wò ọ́ bí o bá pẹ́ kí o tó jí. Èyí àgbà nínú wọn ronú sí i, ó ní, "Nígbà náà, ilé ìwé wa ni ulé."

Fọlákẹ́ ti lọ́kọ sí Àrámọ̀kọ́, sí agbo ilé àwọn oníṣòwò kan tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Ràṣídì ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, ọmọ tí ó mọ ìtẹríba bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Ìyá Ràṣídì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Alhaja, ń ta ìrẹsì àti gààrí lápò-lápò, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbófo. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa. Bí mo bá gbàdúrà tèmi, á ṣe àmín. Bí ó bá gba tirẹ̀, èmi náà á ṣe àmín.

Nígbà tí ìròyìn oyún Fọlákẹ́ dé etí mi, ìwé ìgbélùú mi wà níwájú ìjọba, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan jáde kí wọ́n tó dáhùn, gbogbo rẹ̀ já sásán, n kò sì ní lè padà wọlé sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n dàgbà. Ọmọ ń bẹ níwájú, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn, ìyá wà láàárín bí ẹni tí odò ká mọ́ orí àpáta. Ọmọ tí mo bí fúnra mi fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, ọwọ́ mi tí ó ti wẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní lè wẹ tirẹ̀.

Nígbà tí oyún ti ga dáadáa, Ràṣídì pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ kú òtútù."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Dáadáa ló wà. Ibi àyẹ̀wò la ti dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ní ọmọ náà… ó ní ara díẹ̀."

Mo mọ̀ pé ó ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í fi ẹnu wọn ọmọ tí ojú kò tíì rí.

"Ó tóbi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ẹnu wa ṣe é."

"Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ká dúró kí ìrọbí dé fúnra rẹ̀, kí Fọlákẹ́ gbìyànjú. Àbí kí wọ́n fi oògùn pe ìrọbí kí ọmọ tó tún sanra sí i. Àbí ká mú ọjọ́, kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e. Ó ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní àtọ̀gbẹ, kò sì sí ohun tó fi túláàsì mú wa sí ọ̀kan. Ó ní àwa ni ká sọ."

"Kí ni ẹ̀yin fẹ́?"

"Ẹnu yín là ń retí, Màmá. Ohun tí ẹ bá sọ la máa ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ lásán pè níbi iṣẹ́, láìsí "Màmá," láìsí "Ẹ̀gbọ́n," kí ilé odindi wá sọ fún un láti Àrámọ̀kọ́ pé ẹnu rẹ̀ ni àwọn ń wò! Mo gbé ara mi gún lórí àga. Mo ní ìyá tí ó bí ìyá mi bí ìbejì lóko, ó sì ru igi ìdáná wálé. Mo ní Fọlákẹ́ tìkára rẹ̀, nígbà tí mo lóyún rẹ̀, ńṣe ni àwọn obìnrin àdúgbò ń béèrè bóyá ọmọ inú mi ti lé eyín. Bẹ́ẹ̀ mo bí i láìsí abẹ, láìsí abẹ́rẹ́.

"Ìran wa kì í bímọ lábẹ́ abẹ," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú. Wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi."

"Àṣẹ, Màmá. A ti gbọ́."

Láti ọjọ́ náà lọ, n kò pe Fọlákẹ́ láìki ìran wa sí i létí. Mo sọ fún àwọn obìnrin ìjọ wa níbẹ̀ pé ọmọ mi fẹ́ bí òmìrán, wọ́n sì ń bá mi yọ̀. Èsì kan náà ni Fọlákẹ́ máa ń fọ̀: "Ẹ ṣé, Màámi." Ọmọ tí ó máa ń fa aṣọ gbà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ṣókí. Mo ní àárẹ̀ oyún ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Alhaja pè mí láti ìsọ̀ rẹ̀. Ariwo ọjà Àrámọ̀kọ́ wọ yàrá mi wá, mo sì tẹ́tí sí i bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí ó gbọ́ ìró omi.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò tíì di yìnyín?"

"Yìnyín ló ń bẹ̀rù mi, Alhaja. Ọjà ńkọ́?"

"Ọjà ń lọ, olówó ni kò yà. Ìyàwó wa ló ń bá mi jà níbí. Mo ní kó jókòó, ó ní òun fẹ́ bá mi gbá ìsọ̀. Mo ní bó bá tún mú ìgbálẹ̀, okùn àpò gààrí ni n ó fi so ó mọ́ àga." Ó pariwo sí ẹlòmíràn. "Ìwọ, yọ ọwọ́ nínú ìrẹsì yẹn. Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fi ṣe tẹ̀sùbáà?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í pé, "Alhaja, lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ yìí, kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò?"

Mo gbọ́ tí ó bọ́ sí kọ̀rọ̀ ìsọ̀ rẹ̀.

"Èmi? Ìyá ọkọ ni mí, Tíṣà. Bí mo bá ní kí wọ́n fi abẹ kan ìyàwó, wọ́n á ní mo kórìíra ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá ní kó rọbí, tí nǹkan wá yí padà, wọ́n á ní èmi ni mo tì í síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ̀yin lẹ lẹnu."

"Ẹnu náà ni mo fi ń bi yín yìí."

"Ó dáa. Ìtàn ni n ó pa, mi ò dá sọ́rọ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àbúrò tó tẹ̀lé mi, ọmọ ńlá ló wà nínú òun náà. Ó rọbí bí akọni. Orí ọmọ jáde, a ti ń dúpẹ́. Èjìká kọ̀. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò tó. Ọmọ yẹn ì bá ti níyàwó báyìí, Tíṣà. Àbúrò mi yè é, àmọ́ kò bí òmíràn mọ́." "Ìtàn ni mo pa o. Ẹ má sọ pé mo dá sí i."

Lẹ́yìn tí ó ti lọ, mo jókòó. Mo rí ọ̀ràn náà bí ẹni tí ó gun òkè tí ó wá rí bí ìlú ti tò. Ràṣídì ń retí mi nítorí ọ̀wọ̀. Alhaja ń pa ìtàn nítorí ẹnu ayé. Èmi ń yangàn láti ẹ̀yìn òkun. Ìtẹríba, tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì fún gbogbo ọjọ́ ayé mi, ti dí gbogbo ẹnu nínú agbo ilé yẹn. Nínú gbogbo wa, ẹni tí ọmọ wà nínú rẹ̀ nìkan ni kò tíì sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo pe Fọlákẹ́ lórí fídíò. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà, ní ìdí igbá kan, ikùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi na ọwọ́ kí ó tó dé ohun tí ó ń bó.

"Ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀?"

"Èmi àti ẹ̀gúsí ni, Màámi."

"Gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Kí ni dókítà sọ fún ọ? Kì í ṣe fún Ràṣídì. Fún ìwọ."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Ó ní ẹ̀rọ lè ṣì í. Ó lè bù kún un, ó lè bù kúrò níbẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ tí ọmọ wọn tóbi ló ń bí i fúnra wọn, pé èmi náà lè gbìyànjú. Ó ní abẹ kì í ṣe eré: ojú ọgbẹ́ á dùn mí, àtidìde mi á pẹ́, oyún tó bá tún ń bọ̀ á gba àmójútó. Ṣùgbọ́n ó ní bí èjìká bá há, ọwọ́ púpọ̀ ni wọ́n nílò, kíá. Mo bi í pé ṣé ọwọ́ púpọ̀ máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ní òun ò ní purọ́ fún mi. Òun ò gbé ìlú yìí. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kan péré ló máa wà."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ èyí fún mi?"

"Ẹ ti sọ̀rọ̀, Màámi. Ẹ ní ìran wa kì í bímọ lábẹ́ abẹ. Kí ni mo wá fẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn?"

Òun ni ó tún sọ̀rọ̀.

"Màámi, nígbà tí ẹ bí mi, ta ló wà níbẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ fún un. Ilé ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n ni mo lọ bí i sí. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé omi gbígbóná wọlé, ìyàwó àgbà ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ọkùnrin kankan má yọjú. Ìyá mi jókòó sórí ẹní lẹ́yìn mi, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi apá gbá mi mú lábẹ́ abíyá, mo sì fara tì í bí ẹni fara ti ògiri. Èémí rẹ̀ wà ní ọrùn mi. Bí mo bá mí, òun náà á mí. Nígbà tí mo ní n kò lè ṣe é mọ́, ó bù mí jẹ létí, ó ní, "Ta ló bi ọ́?" Mo ń sọ ọ́ fún Fọlákẹ́, mo sì ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Agbára tí mo ti ń fi yangàn fún gbogbo ayé, àyà ìyá mi ni ó fara tì.

"Bí ẹ bá lè jókòó sẹ́yìn mi bẹ́ẹ̀, n ó rọbí," ni Fọlákẹ́ wí. "Mi ò sá fún ìrora. Ṣùgbọ́n ẹ ò sí ńbí. Ohun tí mo fẹ́ ni ọjọ́ tí a mọ̀, ní ojúmọmọ, tí dókítà ti wà lórí ìdúró. Kí ẹ̀yin náà mọ̀ pé òní ni, kí fóònù yín má wà nínú àpótí."

Ó ti padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Mo ń wo ìka rẹ̀ bí ó ti ń pa èèpo, pàkà, pàkà.

"Ṣé ẹ bínú, Màámi?"

"Ta ní í bínú sí ẹni tó mọ bí ẹrù orí rẹ̀ ti wúwo tó?"

"Ọmọ ni o, kì í ṣe ẹrù."

"Mo gbọ́. Bó ẹ̀gúsí rẹ."

Ní ọjọ́ kejì mo pe Ràṣídì, mo ní kí ó jókòó ti ìyá rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí fóònù pariwo síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.

"Ẹnu mi tí ẹ ń retí ti dé," ni mo wí. "Ẹnu Fọlákẹ́ ni. Ohun tí ó bá sọ fún yín, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, èmi ni kí ó pè."

Ràṣídì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ àpò kalẹ̀ lórí rẹ̀. "Màmá, ẹ ṣeun. Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn, mi ò kàn lè…"

"Mo mọ̀ pé o ò lè."

"Tíṣà," Alhaja wí, "ẹ̀rí ọkàn ń dá mi lẹ́bi. Ṣé kì í ṣe pé èmi ni mo…"

"Ìtàn lásán lẹ pa, Alhaja."

"Ìtàn lásán ni," ó wí. Mo gbọ́ tí ó ń nu imú.

Nígbà tí wọ́n mú ọjọ́, mo lọ bá ọ̀gá wa níbi iṣẹ́. Ó ní ṣé n óò gba àyè ọjọ́ náà ni. Mo ní rárá. Bí mo bá jókòó sílé, ọkàn mi á ti ẹnu jáde. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n fóònù mi gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi. Ó ní òfin kò gbà á. N kò bẹ̀ ẹ́, n kò sì kúrò níwájú rẹ̀. Ó wo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wò mí, ó ní, "Ọjọ́ kan péré." Nínú gbogbo ohun tí mo gbà ní ilẹ̀ yìí, n kò gba èyí tí ó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ ni. Ràṣídì gbé fóònù sí etí ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn tí wọ́n ń tì. Mo fi ọwọ́ kan dí etí mi kejì kí ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ má baà gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi oríkì rẹ̀ kì í: "Àjíkẹ́, ọmọ olókè tí ń fi kùrukùru bora. Àjíkẹ́, a kì í kánjú gun òkè, a kì í kánjú sọ̀ ọ́. Mo wà lẹ́yìn rẹ. Fara tì mí." Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo mí nígbà tí ó mí.

Ohùn nọ́ọ̀sì kan wọlé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa gbé e wọlé."

"Ẹ gbé e lọ," ni mo wí. "Ẹ gbé e bọ̀."

Mo ká aṣọ. Mo fi ilẹ̀kùn há igun kan, mo rìn lọ bá a. Mo ká èyí tí kò gún, mo tú u, mo tún un ká. Fóònù dùbúlẹ̀ lórí tábìlì bí òkú. N kò gbàdúrà gígùn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mò ń pè. Nígbà tí ó dún, ó bá mi láàárín yàrá pẹ̀lú aṣọ lápá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tẹ ojú rẹ̀.

"Tíṣà," Alhaja wí, ó sì lọ̀ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́, "a gbóhùn ìyá. A gbóhùn ọmọ. Obìnrin ni. Èjìká rẹ̀ bí ti ẹni tó ti ń kọ ebè láti ọ̀run."

Mo jókòó lórí òkìtì aṣọ. Ọ̀gá wa ṣí ilẹ̀kùn, ó rí mi nílẹ̀, ó rọra pa á dé padà.

Ọmọ náà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kò tó bí ẹ̀rọ ti wí. Àwọn kan sọ ọ́ ní Àrámọ̀kọ́ pé bóyá Fọlákẹ́ ì bá ti bí i fúnra rẹ̀. Bóyá. Dókítà kò mọ̀, èmi kò mọ̀, àwọn tí ń sọ ọ́ náà kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú ọgbẹ́ dùn ún bí wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, àti pé wọ́n ní kí Alhaja má wọ yàrá fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí bí ó bá ti la ẹnu ni Fọlákẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ń ta ojú abẹ. Mo sọ fún àwọn obìnrin ìjọ wa pé abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Mo ní kí ó sọ pé ẹ kú ewu ọmọ, nítorí ewu ni, ó sì ré wa kọjá.

Ní ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí bí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, Ràṣídì gbé fóònù ti ògiri. Alhaja jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, ó ń fi òrí ra á lápá lẹ́sẹ̀.

"Ẹ na apá òsì dáadáa, Alhaja. Ẹ fi ọwọ́ tẹ orí rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Omi yẹn ò gbóná tó. Ẹ má gbàgbé abẹ́ ọrùn."

"Tíṣà."

"Ẹ gbọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ̀rù má baà máa bà á."

"Tíṣà, ẹ wá ṣe é," ó wí, ó sì fi ọwọ́ tí òrí kún dojú fóònù bolẹ̀.

Àwàdà ni, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín sí ojú fóònù tí ó ṣókùnkùn. Mo ṣì ń gbọ́ omi, mo ń gbọ́ ọmọ tí ń ké, mo ń gbọ́ àkùkọ kan lẹ́yìn ilé wọn. Mo wo ọwọ́ mi lórí itan mi, mo sì rí i pé ó ń ra afẹ́fẹ́.

Ẹnu àgbà ń la òkun kọjá, mo ti rí i. Ó ń yanjú ọ̀ràn, ó ń sọ orúkọ, ó ń súre. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu pọn ọmọ.

Rukayátù ni ilé baba rẹ̀ ń pè é, Ìrètíọlá ni orúkọ tí mo fi ránṣẹ́. Ó ti ń rìn báyìí, ìwé mi sì ṣì wà níwájú ìjọba. N kò tíì gbé e rí.